Nọ́ńbà Ojú Mítà: Ohun Tí Títa Alùpùpù Tó Ti Rìn Jìnnà Kọ́ Mi

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra alùpùpù àlòkù ló máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun kan náà: "Kìlómítà mélòó ló ti rìn?" Wọn kò tíì béèrè bóyá ó ń fa epo jù, wọn kò tíì béèrè ìwé rẹ̀; nọ́ńbà ojú mítà ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Mo ti bi àwọn ẹlòmíì ní ìbéèrè yìí, wọ́n sì ti bi èmi náà léraléra, débi pé mo ti mọ bí ojú oníbàárà ṣe máa ń rí bí mo bá ti dárúkọ iye tó ga. Ẹ̀rù ni nọ́ńbà yẹn máa ń dá sí i lọ́kàn: ẹ̀rù pé ẹ́ńjìnnì lè dákẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀rù pé òun náà kò ní rí i tà lọ́jọ́ tó bá sú òun. Ẹ̀rù yìí ló ń bu owó alùpùpù ju bí irin inú rẹ̀ ṣe jẹ tó lọ. Ẹni tó bá ní ohun tó lè fi pa ẹ̀rù náà yóò gba owó gidi lórí alùpùpù tó ti rìn jìnnà. Ẹni tí kò bá ní i yóò tà á lọ́pọ̀, kódà bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ṣì le koko.

Alùpùpù ìrìn àjò kan tí mo tà nígbà tí mítà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 60,000 kìlómítà ló là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà jíjìn ni mo fi í rìn jù, mo sì máa ń tọ́jú rẹ̀ lásìkò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ́kọ́ wá wò ó. Ó yí kọ́kọ́rọ́, nọ́ńbà yọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ti gbó o." Kò tilẹ̀ tan án kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Iye tó dá kò tó ìdajì ohun tí mo ń béèrè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ. Ẹni tó wá lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà kan tó ti gun alùpùpù tipẹ́tipẹ́. Bàbá yẹn kò sọ ohunkóhun nípa nọ́ńbà títí tí wọ́n fi wo gbogbo ara rẹ̀ tán. Wọ́n wá ní, "Ìwé ìtọ́jú rẹ̀ dà?" Mo gbé fáìlì fún wọn: rìsíìtì ọ́ìlì, ti ṣéènì, ti táyà, àti ìwé tí mẹkáníìkì kọ ọjọ́ àti kìlómítà sí nígbà tó ṣí ẹ́ńjìnnì láti wọn àlàfo fáàfù, ìyẹn àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń gba epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, tó sì ń tú èéfín jáde. Wọ́n jókòó, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí lẹ́yìn náà, pé ìgbà wo ni mo pààrọ̀ ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì iwájú. Mo ní mi ò tíì pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n yọ owó iṣẹ́ yẹn kúrò, wọ́n san ìyókù.

Alùpùpù kan náà ni àwọn méjèèjì rí. Ọ̀dọ́ yẹn ń ka ohun tó lè bàjẹ́, bàbá ń ka ohun tí wọ́n ti ṣe sí i. Láti ìgbà náà, mi ò tún sọ rìsíìtì kankan nù mọ́, títí dórí ti púlọ́ọ̀gì. Mo máa ń kọ kìlómítà ọjọ́ náà sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bírò, nítorí rìsíìtì tí kò ní kìlómítà lórí kò wúlò ju ìdajì lọ fún ẹni tó ń rà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, nọ́ńbà náà ní ohun tó ń sọ. Irin tó ń ha ara wọn yóò jẹ. Ríìngì tó yí písítọ́ọ̀nù ká yóò tín-ín-rín, ṣéènì tó ń yí kámù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, yóò gùn, bẹ́ríìngì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Àmọ́ ibi tí alùpùpù ti rìn ṣe pàtàkì bí iye tó rìn. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ló máa ń jẹ jù, nítorí ọ́ìlì ti ṣàn sọ̀kalẹ̀, kò tíì dé òkè níbi tí kámù àti fáàfù wà. Bí ìrìn bá tún kúrú jù, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná dé ibi tó yẹ, omi àti epo tí kò jó tán á kó sínú ọ́ìlì, wọ́n á jókòó síbẹ̀. Ẹ wá fi èyí wé alùpùpù tó gbéra láàárọ̀, tó gbóná dáadáa, tó sì ń lọ ní ìwọ̀n kan náà lórí títì márosẹ̀ títí di ọ̀sán. Ó lè fi ìrìn ọjọ́ kan kó iye kìlómítà tí tẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ kò ní kó lóṣù kan, síbẹ̀ tán-an-pa-á ti ọjọ́ yẹn kò ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò jìyà, bíréèkì rẹ̀ kò jìyà. 40,000 kìlómítà inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ le lára alùpùpù ju 60,000 orí ọ̀nà tó já geere. Nígbà tí mo bá ń rà, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé, "Kí lẹ ń fi ṣe?" Ẹni tó ní in sábà máa ń fi ìdùnnú dáhùn, kò mọ̀ pé ìyẹn wúlò fún mi ju nọ́ńbà lọ.

Irú alùpùpù náà ń yí ìtumọ̀ nọ́ńbà padà. Honda Gold Wing onísílíńdà mẹ́fà tó bá ti rìn 100,000 kìlómítà kò ya ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn, ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Irú àwọn BMW tí sílíńdà wọn nà sápá ọ̀tún àti òsì náà ń gbádùn irú ìgbàgbọ́ yìí lọ́jà. Ṣùgbọ́n gbé alùpùpù eré ìje onísílíńdà mẹ́rin, 600 síísì, tó ti rìn 40,000 wá, wàá rí i pé àwọn oníbàárà á fà sẹ́yìn, nítorí wọ́n mọ irú eré tí wọ́n máa ń fi í sá, wọ́n sì tún ń wòye pé ó ti lè ṣubú rí. Àwọn kéékèèké onísílíńdà kan tún yàtọ̀. Ọ́ìlì inú wọn kò ju bíi lítà kan lọ, ẹ́ńjìnnì wọn sì ní láti yí gan-an kí wọ́n tó lè bá ọkọ̀ rìn, nítorí náà pípẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì máa ń tètè hàn lára wọn. Àmọ́ àtúnṣe wọn kì í wọ́n, ohun èlò wọn sì wà káàkiri. Honda Super Cub tó jáde lọ́dún 1958 ti lé ní 100,000,000 tí wọ́n ti ṣe nígbà tó fi di 2017, ẹni tó bá sì ń ra irú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù mítà; ó mọ̀ pé písítọ́ọ̀nù àti ríìngì tuntun yóò dá a padà. Ti àwọn alùpùpù eré orí iyẹ̀pẹ̀, wákàtí ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe kìlómítà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta irú ẹ̀ fún yín, tó sì ń fi kìlómítà tó kéré yangàn, ẹ béèrè wákàtí.

Ọ̀nà tí owó gbà ń lọ sílẹ̀ kò rí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Wọ́n rò pé kìlómítà kọ̀ọ̀kan ń bu iye kan náà. Ọdún àkọ́kọ́ ló ń gé owó alùpùpù jù, kódà bí wọn kò bá fi bẹ́ẹ̀ gùn ún, nítorí pé kò ní orúkọ "tuntun" mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kìlómítà yóò máa bù ú díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì wá rọlẹ̀ nígbà tó bá yá. Kí alùpùpù ti 5,000 dé 15,000 máa ń dun owó rẹ̀ gidigidi. Kó ti 65,000 dé 75,000, díẹ̀ ni yóò yọ, nítorí ẹni tó bá ti gbà láti ra èyí tó ti rìn 65,000 kò ní torí 10,000 sí i sá lọ.

Síbẹ̀ nọ́ńbà kan máa ń ní agbára tó ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. 19,800 àti 20,300 kò ju 500 lọ síra wọn, ìrìn òpin ọ̀sẹ̀ kan lásán, ṣùgbọ́n lójú oníbàárà, ọ̀kan wà ní "mọ́kàndínlógún," èkejì ti di "ogún." Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan gbé iṣẹ́ kan jáde lórí títà tó lé ní 22,000,000 ọkọ̀ àlòkù ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé owó máa ń já wálẹ̀ lójijì ní gbogbo ibi tí mítà bá ti kọjá 10,000 máìlì kan bọ́ sí òmíràn. Ọkọ̀ ni wọ́n wò, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí níbi alùpùpù kò yàtọ̀. Ìdí kan tún wà tí kò sí láyé àtijọ́: orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń wá alùpùpù máa ń sọ fún ojúlé ìtajà pé kó fi èyí tí kò tíì tó 20,000 nìkan hàn wọ́n. Èyí tó jẹ́ 20,300 kò ní hàn sí wọn rárá. Wọn kò ní mọ̀ pé ó wà láyé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gbé alùpùpù sọ́jà kí nọ́ńbà iwájú tó yí, bí mo bá ti mọ̀ pé mo fẹ́ tà á, màá sì wá nǹkan mìíràn gùn títí ẹni tó fẹ́ rà á fi dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le gan-an ni ti iṣẹ́ ńlá tó ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tó mọ alùpùpù kì í wo iye tó ti rìn nìkan, ó ń wo iye tó kù kí ó tó náwó ńlá. Fún ọ̀pọ̀ alùpùpù Yamaha òde òní, nǹkan bíi 40,000 kìlómítà ni wọ́n ní kí á yẹ àlàfo fáàfù wò. Ducati ṣe Multistrada V4 tí wọ́n gbé jáde ní 2020 lọ́nà tí irú iṣẹ́ yìí kò fi ní wáyé títí di 60,000. Ti àwọn kéékèèké onísílíńdà kan, ẹgbẹ̀rún kìlómítà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni. Lórí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, mẹkáníìkì ní láti tú táǹkì, kó tú àpótí afẹ́fẹ́, kó tú ìdérí ẹ́ńjìnnì, kó tó dé ibi tí iṣẹ́ wà. Owó ọwọ́ rẹ̀ ló ń wọ́n, ohun èlò tó fẹ́ lò kò tó nǹkan. Nítorí náà, alùpùpù tó wà ní 39,000 tí wọn kò tíì ṣe iṣẹ́ yìí lè ní iye lórí tó kéré sí ti èyí tó wà ní 43,000 tí wọ́n ti ṣe é, tí ìwé rẹ̀ sì wà. Mo ti rí i tí àwọn tó ń tà ń fi "kò tíì pé 40,000" yangàn, tí wọn kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ létí ẹni tó gbọ́n ni pé, "Ìwọ ni yóò san owó náà."

Àwọn kéékèèké náà ń bá a wá. Ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tọ́jú lè gbé alùpùpù ńlá dé 20,000 tàbí 30,000 kìlómítà. Bí eyín sípírókẹ́ẹ̀tì bá ti tẹ̀ sẹ́yìn, ó ti parí. Táyà ẹ̀yìn lè tán kó tó pé 10,000, ó lè lọ dé 15,000, ó wà lọ́wọ́ bí ẹni náà ṣe ń gùn ún. Bẹ́ríìngì ọrùn tó gbé ọwọ́ ìdarí máa ń ní ibi kan tó ti jìn sí láàárín. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí ẹ rọra darí rẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó há díẹ̀ nígbà tó bá dojú kọ iwájú gan-an. Rọ́bà ṣọ́ọ̀kì, páàdì bíréèkì, àwo kílọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń rà yóò máa ro gbogbo ìwọ̀nyí pọ̀ lọ́kàn, yálà ó sọ ọ́ jáde tàbí kò sọ ọ́, iye tí yóò dárúkọ sì ni àṣẹ́kù.

Èwo wá ni ó yẹ kí ẹni tó ń tà ṣe kó tó gbé e sọ́jà? Páàdì bíréèkì, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ́ìlì tuntun, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣéènì tó ti yọ̀, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá rí ṣéènì tó ń já sílẹ̀ yóò rò pé bí mo ṣe ń ṣe gbogbo ara alùpùpù náà nìyẹn. Táyà tuntun tó wọ́n, mi ò jẹ́ rà á fún ẹlòmíì, àyàfi bí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti dán. Owó rẹ̀ kì í padà wá pátápátá. Títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ láti tún un ṣe kí n tó tà á, rárá o. Kò sí oníbàárà tó máa san owó yẹn padà, àwọn mìíràn á tilẹ̀ máa fura pé kí ló ṣẹlẹ̀ tí mo fi tú u.

Ohun kan wà tí kò wọ́n tó sì ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: kí mẹkáníìkì wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kó fi ọjọ́ àti kìlómítà sí i. Bí iye náà bá wà ní ibi tí ìwé alùpùpù náà sọ, tí ti sílíńdà kan kò sì jìnnà sí ti èkejì, ríìngì àti fáàfù ṣì wà láàyè nìyẹn. Mo máa ń na ìwé yẹn sí oníbàárà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàtakò. Mo sì máa ń fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní tútù títí yóò fi dé, kó lè tan án fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti mú gbóná sílẹ̀ máa ń bo àṣírí púpọ̀. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù díẹ̀ nígbà tí a bá kọ́kọ́ tan án, tó sì lọ, rọ́bà fáàfù ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá ń tú èéfín yẹn nígbà tí a bá ń fún un ní epo lójú ọ̀nà, ríìngì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ nípa nọ́ńbà tó kéré, nítorí ibẹ̀ ni owó ń ṣòfò sí jù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n bá òun wo alùpùpù kan tí wọ́n ń béèrè owó gọbọi lé lórí nítorí pé 7,000 kìlómítà péré ló wà lójú mítà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ẹni tó ní in ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wò ó, tuntun ni!" Lóòótọ́, kíkùn rẹ̀ ń dán. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2311 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2011. Táyà tó bá a jáde ní ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti le, ó sì ti sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi bíréèkì ti dúdú. Omi yẹn máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ọdún méjì-méjì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ní kí á máa pààrọ̀ rẹ̀ bóyá a gùn ún tàbí a kò gùn ún. Mo tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú táǹkì, ìpáta ti mú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Epo tó jókòó pẹ́ máa ń fẹ́ lọ, á sì fi ohun kan tó lẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ló ń dí àwọn ihò tíntìntín inú kábúrétọ̀. Rọ́bà ṣọ́ọ̀kì ti gbẹ, a kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í rin jáde. Bátìrì kò yẹ kí n tún mẹ́nu bà.

A jókòó, a ṣírò rẹ̀. Táyà méjèèjì, bátìrì, fífọ táǹkì àti kábúrétọ̀, rọ́bà ṣọ́ọ̀kì, omi bíréèkì àti rọ́bà inú rẹ̀. Nígbà tí a fi í kún owó tí wọ́n ń béèrè, ó ti kọjá owó irú alùpùpù kan náà tó ti rìn 45,000 tí ẹni tó ní in ń gùn lójoojúmọ́. Ọ̀rẹ́ mi ra èyí tó ti rìn 45,000. Mi ò sọ pé nọ́ńbà kékeré kò níye o. Ọjà ń sanwó fún un, àwọn tó ń kó alùpùpù àtijọ́ jọ tilẹ̀ ń san án gidigidi. Bí ẹ bá ní èyí tí kò tíì rìn púpọ̀, tí ẹ sì fẹ́ tà á, ẹ tà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń rà láti gùn ún ni mò ń bá wí.

Mítà náà máa ń purọ́. Ọ̀pọ̀ ti àtijọ́ ń ka ìrìn láti ara okùn tó so mọ́ táyà iwájú. Bí okùn náà bá já, alùpùpù á máa lọ, nọ́ńbà á dúró sójú kan. Àwọn kan máa ń tú u fúnra wọn. Àwọn mítà kan kò ní ju àyè nọ́ńbà márùn-ún lọ, bó bá kọjá 99,999 á padà sí òdo. Àwọn mìíràn ń ka máìlì: 30,000 máìlì ti lé ní 48,000 kìlómítà, mo sì ti rí ẹni tó kọ 30,000 sínú ìpolówó láìsọ èwo ni. Ti òde òní tó ń lo iná, ẹ̀rọ wà tí wọ́n fi ń yí i padà, àmọ́ lára àwọn alùpùpù kan, nọ́ńbà náà tún wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ ìwádìí lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ka dídá mítà padà sẹ́yìn sí ọ̀ràn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti de èyí láti 1972.

Èmi kì í gba mítà gbọ́ títí àwọn nǹkan mìíràn fi jẹ́rìí sí i. Rọ́bà ìtẹ̀sẹ̀ àti ti ibi tí a fi ń tẹ gíà, kọ́kọ́rọ́ àti ihò rẹ̀, ìjókòó, ọ̀dà férémù níbi tí bàtà máa ń ha mọ́. Dísìkì bíréèkì dára jù nínú ẹlẹ́rìí: wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín jù lọ sára rẹ̀, "MIN TH" ni wọ́n ń kọ, ẹ fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Bí ẹnì kan bá ní alùpùpù òun kò tíì rìn ju 12,000 lọ, tí dísìkì rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìwọ̀n yẹn, ẹ kí i dáadáa kí ẹ máa lọ. Rọ́bà tuntun lórí ìtẹ̀sẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n mo máa ń béèrè ìdí. Bí wọ́n bá pààrọ̀ mítà nítorí ìjàǹbá, kò sí wàhálà bí mítà àtijọ́ tàbí ìwé iṣẹ́ náà bá wà nílẹ̀; bí kò bá sí, mo máa ń ṣe é bí ẹni pé kò ní mítà rárá, owó tí mo bá dárúkọ yóò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí èmi bá ń tà, gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìpolówó ni mo máa ń fi nọ́ńbà náà sí, pẹ̀lú fọ́tò mítà tó tàn. Àwọn tí ẹ̀rù ń bà kò ní pè, ìyẹn sì gba àkókò mi sílẹ̀. Ẹni tó bá wá ti gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ láti ilé, kò lè dúró lójú mi kó tún máa fi dúnàádúrà. Bí mo bá fi í pa mọ́ títí ó fi dé, ìyàlẹ́nu tó bá bá a níbẹ̀ ni yóò fi gé owó, á sì tún máa ronú pé kí ni mo tún fi pa mọ́.

Ní ti rírà, èyí tó ti rìn jìnnà ni mo máa ń wá báyìí. Ẹlòmíì ti gbé òfò ńlá rẹ̀. Mo lè gùn ún fún 20,000 kìlómítà sí i, kí n sì tà á ní owó tí kò jìnnà sí èyí tí mo fi rà á, bí kò bá ṣáà ti fo orí nọ́ńbà tó ń dẹ́rù bani, tí ìwé rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa ń tà láàárín ọdún kan kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé mi o. Àwọn tó ń ra irú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì lè pẹ́ kó tó tà.

Èyí tí mò ń gùn lọ́wọ́ ti kọjá 90,000. Ó ti dé ibi tí títà á lódidi kò fi ní mú nǹkan púpọ̀ wá, nítorí náà mo ti pinnu pé èmi náà ni yóò gùn ún tán. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá dákẹ́ pátápátá, màá tú u: táǹkì, táyà pẹ̀lú rìímù rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì, iná iwájú, sàlẹ́ńsà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Ó ń gba àyè, ó sì ń gba sùúrù, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń mú wá lọ́kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ju ti odidi alùpùpù lọ. Ẹnì kan ti sọ fún mi pé òun ló ni àpótí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì máa ń pè mí lóṣooṣù láti béèrè bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣe.